Bí Zélie Bá La Ẹnu: Children of Blood and Bone àti Etí Ọmọ Yorùbá

Bí gbogbo ètò bá lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, oṣù kìíní ọdún 2027 ni ilé-iṣẹ́ Paramount máa gbé fíìmù Children of Blood and Bone jáde. Ìwé Tomi Adeyemi ni wọ́n sọ di fíìmù. Gina Prince-Bythewood ló darí rẹ̀, Thuso Mbedu ló sì ṣe Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí. Àwa tí a ti ń retí rẹ̀ láti ọdún 2018 tí ìwé náà jáde ò kéré níye o. A wà l'Ékòó, a wà ní Lọ́ńdọ̀nù, a wà ní Igbó-Ọrà níbí náà. A ti gbọ́ orúkọ àwọn òṣèré, a ti jà lé wọn lórí, a ti parí ìjà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ bi ara wọn, òun la sì rò pé ó ṣe pàtàkì jù: bí Zélie bá la ẹnu pe ọfọ̀ nínú sinimá, kí ni etí ọmọ Yorùbá máa gbọ́?

Fún ẹni tí kò tíì ka ìwé náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní ṣókí. Ilẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Orïsha. Àwọn kan wà níbẹ̀ láyé àtijọ́ tí òrìṣà fún lágbára, maji ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ̀yà mẹ́wàá ni wọ́n, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sì ní òrìṣà tirẹ̀. Àwọn ti Ṣàngó ń darí iná, àwọn ti Yemọja ń darí omi, àwọn ti Ọya ló ń bá òkú ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, agbára yìí kàn pòórá. Ọba Saran rí àyè, ó ní kí wọ́n pa gbogbo maji. Wọ́n pa ìyá Zélie. Àwọn ọmọ tí agbára wọn ò tíì jáde nìkan ni wọ́n dá sí. Irun funfun orí wọn ni ayé fi ń dá wọn mọ̀, owó orí sì ń pọ̀ sí i lọ́rùn wọn. Ẹni tí kò bá rí i san, ẹrú ló ń lọ ṣe. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Zélie, Tzain ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Amari, ọmọ ọba tó sá kúrò láàfin, gbéra láti dá agbára náà padà. Inan, ẹ̀gbọ́n Amari, ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn.

Ká tó máa ṣe àríwísí, ó yẹ ká sọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tó gbé àmì wá sáyé, tí ará ilé rí i tí wọ́n mọ̀ pé ti òrìṣà ni: ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Àmútọ̀runwá là ń pè é. Dàda gbé irun tirẹ̀ wá. Ìgè fi ẹsẹ̀ ṣíwájú. Òjò àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Táíwò àti Kẹ́hìndé ò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú orúkọ. Igbó-Ọrà là ń sọ yìí o, ìlú tí wọ́n ń pè ní olú-ìlú ìbejì, tó bẹ̀rẹ̀ ọdún ìbejì ní 2018, ọdún kan náà tí ìwé Adeyemi jáde. Ó ṣòro láti rí agboolé tí kò ní Táyé kan, tàbí Ìdòwú kan tó tẹ̀lé wọn. Àwọn àgbà a sì máa sọ pé ìgbà kan wà tí wọ́n ń bẹ̀rù ìbejì nílẹ̀ Yorùbá, kó tó di pé wọ́n ń gẹ̀ wọ́n, tí wọ́n ń gbẹ́ ère fún wọn. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀rù di ọmọ tí wọ́n ń gẹ̀: ìrìn tí Zélie ń rìn gan-an nìyẹn. Òǹkàwé kan ní Chicago máa rí idán níbẹ̀. Àwa rí ará ilé wa.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ibì kan nínú ìwé náà dùn wá díẹ̀. Ìbejì nínú ìwé Adeyemi kì í ṣe ọmọ. Ìlú ni, láàárín aginjù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi jagun nínú pápá ìṣeré ńlá kan, tí àwọn èèyàn ń kú kí àwọn tó wá wòran lè pàtẹ́wọ́. Ìlọrin di abúlé apẹja lórí omi òkun. Ìbàdàn wà lórí òkè ńlá. Èkó ni ààfin ọba wà. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin rí á rẹ́rìn-ín. Àwa náà rín in. Ṣùgbọ́n ìtàn àròsọ ni, òǹkọ̀wé sì láṣẹ láti tún ayé tò bó ṣe wù ú. Ti Ìbejì ló yàtọ̀. Ìlọrin jẹ́ orúkọ ìlú tẹ́lẹ̀, orúkọ ìlú náà ló ṣì jẹ́. Ìbejì ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá ní Ìbàràpá mọ bó ṣe wúwo tó, ó wá di àkọlé lásán lórí máàpù. Wọ́n mú ìró rẹ̀, wọ́n fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a máa padà sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé à ń bá òǹkọ̀wé náà jà o. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí Adeyemi, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìlú Salvador ní Brazil lòun wà nígbà tí àwòrán àwọn òrìṣà gba òun lọ́kàn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Ọya àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kọjá òkun, wọ́n sì pa wọ́n mọ́ ní Bahia. Ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà lọ bá wọn níbẹ̀, ó kọ wọ́n sínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì dé orí fóònù wa ní Igbó-Ọrà. Abájọ tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì fi ń jẹ́ Oxosi nínú rẹ̀, tí Òṣùmàrè ń jẹ́ Ochumare, tí tẹ́ńpìlì ibẹ̀ sì ń jẹ́ Chândomblé. Àwọn kan pè é ní àṣìṣe. Lójú tiwa, òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà ni, ó ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá. Adeyemi tún kọ ọ́ síparí ìwé náà pé ẹkún àti ìbínú lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ló wà nídìí ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ, ó sì sọ ọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà, èdè ni. Nínú ayé Zélie, Yorùbá ni èdè àwọn maji, Saran sì ti fòfin dè é. Orïshan ni èdè ìjọba, òun ni gbogbo èèyàn ń sọ níta. Ẹni tí kò ní idán ń jẹ́ kosidán. Ẹ pè é dáadáa: kò sí idán. Ẹ ti rẹ́rìn-ín, àbí? Agbára Zélie ò sì lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Orïshan. Yorùbá tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ fi pè é.

Ọmọ tó bá lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó sọ "vernacular" ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Saran fún un. Àìmọye wa ló lọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ní Ìbàràpá àti níbòmíràn. Wọ́n á kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, o ó sanwó tàbí kí o kúnlẹ̀. Nǹkan àtijọ́ kọ́ là ń sọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, ó di Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọdún mẹ́ta péré. Torí náà, bí a bá ń béèrè bí Yorùbá ṣe máa dún nínú fíìmù yìí, kì í ṣe pé a fẹ́ ṣe àṣejù. Ọmọ kan máa jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ti sọ fún un nílé-ìwé pé èdè ìyá rẹ̀ ò wúlò. Fíìmù náà máa sọ fún un pé èdè yẹn ló jí òkú dìde. Ó yẹ kó jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ náà ni lóòótọ́.

Àwa tí a ń fi kóòdù jẹun mọ wàhálà kan bí ẹni mọ owó. Lẹ́tà "ọ̀", tó ní àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode. Ìwọ lo máa kó nǹkan méjì pọ̀: ọ tó ní àmì lábẹ́, àti àmì ohùn tó máa gùn ún lórí. Bí ètò kan ò bá mọ̀ pé ẹyọ kan ni méjèèjì, á gé wọn sọ́tọ̀, orúkọ èèyàn á sì di nǹkan mìíràn lójú fóònù. Ojú wa máa ń tètè lọ sórí àmì nítorí náà. Nínú ìwé Adeyemi, àmì pọ̀ bí ẹ fẹ́: Orïsha, divîner, tîtán. Àmì méjì tó wà lórí Orïsha ò sọ nǹkan kan fún etí wa, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lásán ni. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ibi ọfọ̀, a rí ẹ́, a rí ọ̀, a rí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó gba ipò kìíní lórí àtòkọ New York Times, tí gbogbo ayé ń rà! Inú wa dùn, a ò ní purọ́.

A wá kà á sókè. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọfọ̀ náà ò dún bí ọfọ̀. Ó dún bí àdúrà tí ẹnì kan kọ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ẹlòmíràn wá túmọ̀. Ó yé wa, kò sì kàn wá lára. Ọfọ̀ Yorùbá kì í bẹ̀bẹ̀. Ó ń fi ìró de ìró. A dárúkọ ewé, a fa ọ̀rọ̀-ìṣe jáde láti inú orúkọ ewé náà, a wá fi ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn pàṣẹ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ohun tí à ń fẹ́ ti wà nínú orúkọ ewé náà tẹ́lẹ̀, kò sí bí ewé ṣe fẹ́ kọ̀ ọ́. Bí ìró kan bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ wó. Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ Zélie gan-an. Òkú ló ń pè. Gbé ohùn àkọ́kọ́ sísàlẹ̀, òkú ni. Gbé e sáàárín, o kú ni, ìkíni tí à ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbé e sókè, ó kú ni, ìròyìn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbọ́. Ẹni tó fẹ́ jí òkú tó bá ṣi ohùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń kí wọn kú iṣẹ́ ni. Ẹyin lohùn, wọ́n ní tó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí. Fún òǹkàwé tí kò gbọ́ Yorùbá, àìgbọ́ yẹn ni idán. Ó rí lẹ́tà tí kò mọ̀, orí rẹ̀ wú, ó tó. Fún àwa tó gbọ́ ọ, idán gbọ́dọ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé lè fi irú ìyàtọ̀ yìí pamọ́, torí ojú lè fò ó. Fíìmù ò lè fò ó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ la ẹnu. Ibi tí Zélie bá ti la ẹnu yẹn la ti máa mọ àwọn tí wọ́n ṣe fíìmù náà fún. Bí wọ́n bá tún mú ìró tí wọ́n fi ìtumọ̀ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe Ìbejì, a máa gbọ́ ọ.

A ti rí àpẹẹrẹ kan. Bahni Turpin, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ka ìwé náà sínú ẹ̀dà olóhùn tó gba ẹ̀bùn ìwé olóhùn tó dára jù ní Audie Awards ọdún 2019. Ó mọ ìtàn sọ, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi ọfọ̀, etí ọmọ Yorùbá á mọ̀ kíá pé kì í ṣe èdè tó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé orúkọ àwọn òṣèré jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà bẹ́. Wọ́n ní kí ló dé tí ọmọ Nàìjíríà ò fi pọ̀ tó? Mbedu, South Africa ló ti wá. Amandla Stenberg tó ṣe Amari, Amẹ́ríkà ni. Viola Davis ṣe Mama Agba, Idris Elba ṣe Lekan, Chiwetel Ejiofor ṣe Saran. Damson Idris tó ṣe Inan, Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà bí i sí. Richard Mofe-Damijo wà níbẹ̀, Ayra Starr náà wà níbẹ̀. A mọ ibi tí ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn ti wá. Ṣùgbọ́n ìwé ìbí òṣèré kọ́ ló máa gba ọfọ̀ náà là. Ọmọ Mushin lè ṣi ohùn. Mbedu tó gbọ́ Zulu, èdè tí òun náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, lè gbá a mú bó bá rí olùkọ́ gidi àti àyè tó tó. Ìbéèrè wa kò ju pé: ta ló kọ ọfọ̀ náà, ta ló sì jókòó ti òṣèré nígbà tó ń kọ́ ọ?

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni The Woman King, ọdún 2022. Prince-Bythewood kan náà, South Africa kan náà ni wọ́n ti yà á, Mbedu, Davis àti Lashana Lynch sì wà níbẹ̀. Fíìmù tó lágbára ni, a wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀yọ́ ni ọ̀tá níbẹ̀, tí àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ò sì mọ ẹ̀yìn ẹni tí a fẹ́ wà. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ahọ́n Áfíríkà pè ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Níbi tí idà ti ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ṣeé fara mọ́. Níbi tí èdè fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, kò ṣeé fara mọ́.

Ohùn yìí tún lè tán ìṣòro mìíràn. Èèyàn mẹ́ta ló ń sọ ìtàn nínú ìwé náà, Zélie, Amari àti Inan, oníkálùkù á ní "mo" ní orí tirẹ̀. Kámẹ́rà ò lè ní "mo". Inan ló máa fara gbá a jù. Nínú ìwé, a wà nínú ọkàn rẹ̀ bó ṣe ń rí i pé òun náà ní agbára tí baba òun ń pa èèyàn nítorí rẹ̀, tó sì kórìíra ara rẹ̀. Bí a bá ń wò ó láti ìta nìkan, ọmọ ọba òǹrorò kan ló kù. Ẹ wá rò ó wò, bí Yorùbá tí baba rẹ̀ fòfin dè bá ń yọ́ wọ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí kò tíì fẹ́ gbà pé òun gbọ́ ọ. A ò ní nílò àlàyé kankan.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò ṣeé ṣe. John Kani ló mú isiXhosa wọ Captain America: Civil War ní 2016, láti ìgbà náà ni isiXhosa ti di èdè Wakanda. Ní 2022, Biyi Bandele mú eré tí Wọlé Ṣóyíńká kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dá a padà sí Yorùbá nínú Elesin Oba, àwọn èèyàn káàkiri àgbáyé sì wò ó lórí Netflix. Àwa tún fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A fẹ́ odindi ẹ̀dà Yorùbá. Moana ti ọdún 2016 ní ẹ̀dà èdè Tahiti àti ti Māori. Prey, ọdún 2022, ní ẹ̀dà Comanche láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣì ń sọ Comanche ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwa tí a ń sọ Yorùbá.

Ẹni tó bá ronú á bi wá pé: bí gbogbo èèyàn bá ń sọ Yorùbá, títí kan Saran, kí ló wá kù tí ọba fòfin dè? Ìbéèrè tó dùn mọ́ wa jù nìyẹn. Saran á máa sọ Yorùbá tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, irú èyí tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn. Zélie á sọ ti ilé, ohùn abúlé tí olùkọ́ máa ń ní kò dára. Ọmọ Igbó-Ọrà tó bá lọ kàwé ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi ohùn Ìbàràpá ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tó bá wá fẹ́ pe òkú, á bọ́ sínú ọfọ̀, Yorùbá tí ọmọ Yorùbá pàápàá máa ń dẹ etí sí kó tó gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì ò lè ṣe ìyẹn fún ìtàn yìí. Nínú ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo: ohun ìjìnlẹ̀. Nínú ẹ̀dà Yorùbá, á di èdè tí ọba fi ń pàṣẹ, tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, tí Zélie fi ń jí òkú.

D. O. Fágúnwà ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, iwin ń sọ Yorùbá, ọdẹ ń sọ Yorùbá, òǹkàwé sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Idán ibẹ̀ ò dín kù nítorí pé ó yé èèyàn. Yíyé tó yé wọn gan-an ló jẹ́ kó dẹ́rù bà wọ́n.

Bí 2027 bá dé, àwa ará Igbó-Ọrà máa wọ ọkọ̀ lọ sí sinimá ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, a ó sì san owó wa. A fẹ́ràn ìwé yìí tó bẹ́ẹ̀. A máa pàtẹ́wọ́ fún ogun, a máa sunkún fún ìyá Zélie. Ṣùgbọ́n bó bá kan ọfọ̀ àkọ́kọ́, ojú la máa dì, ká lè gbọ́ ọ dáadáa. Kí àwọn ọmọ tó bá bá wa lọ náà gbọ́ ọ, kó má jẹ́ pé wọ́n á yíjú sí wa láti béèrè pé kí ló sọ.